Ẹ Bi Wá: Prẹ́lúùdù Kúkúrú fún Píánò Nìkan

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu kan prẹ́lúùdù nínú ojú ìwé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn atẹdùrù ìjọ káàkiri Èkìtì. Méje la mú. Èyí tó wá láti Adó la dáhùn gùn jù lọ, torí òun ni ìyókù gbára lé.

Mo fi orin kékeré kan tí mo pè ní prẹ́lúùdù han ọ̀gá akọrin wa. Wọ́n ní: "Prẹ́lúùdù sí kí ni? Orin wo ló tẹ̀ lé e?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé orúkọ yẹn tọ́ báyìí? (Atẹdùrù, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ó tọ́. Ìbéèrè ọ̀gá yín náà kò sì burú, torí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, prẹ́lúùdù máa ń ní ohun tó ń ṣíwájú fún. Àwọn tó ń ta lúùtù (ohun èlò olókùn bíi gìtá) ní Yúróòpù a ta ohùn díẹ̀ láti mọ̀ bóyá okùn wọn bára mu kí wọ́n tó bọ́ sí orin gan-an, bí onígángan ṣe ń fa ọṣán, tí á fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bach, ọmọ Jámánì tó ń kọ orin, kó ìwé kìíní prẹ́lúùdù àti fúùgù rẹ̀ jọ ní 1722 (fúùgù ni orin tí ohùn kan ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ìyókù ń wọlé tẹ̀ lé e), prẹ́lúùdù kọ̀ọ̀kan ló ní fúùgù tirẹ̀ lẹ́yìn.

Chopin, ọmọ Pólàndì tó ń kọ orin píánò, ló já okùn yẹn. Ní 1839 ó gbé 24 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún kíì (ilé ohùn) kọ̀ọ̀kan, méjọ̀ 12 àti máínọ̀ 12, kò sì fi fúùgù kankan tì wọ́n lẹ́yìn. Èyí tó wà ní A méjọ̀ kò ju báà (ìpín kíkà orin) 16 lọ. Èyí tó wà ní C máínọ̀ jẹ́ báà 13 péré. Scriabin àti Rachmaninoff, àwọn ará Rọ́ṣíà, kọ tiwọn lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló kàn. Bí ọ̀gá bá tún béèrè, ẹ ní ìdákẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé e.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tẹ orin ìwé. Mo fẹ́ kọ prẹ́lúùdù ti ara mi, irú èyí tí wọ́n ń kọ ní àsìkò Chopin, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló ń dún bí orin ìwé tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? (Olórí akọrin, Adó-Èkìtì)

Ẹ ṣí ìwé orin síbi tó bá wù yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tó ń dún pọ̀) ń yí nínú báà kan. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ohùn mẹ́rin ń rìn pọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, torí pé ìjọ ló máa kọ ọ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yín ti mọ́ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Nínú irú prẹ́lúùdù tí ẹ ń wá, kọ́ọ̀dù kan lè gbé odidi báà. Ohùn kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lókè. Ohun tó ń gbé orin náà rìn wà nísàlẹ̀, nínú béèsì. Nítorí náà, ẹ fi ohùn òkè sílẹ̀ ná. Béèsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ̀kan. Kíì rẹ̀ D máínọ̀, kíkà mẹ́rin nínú báà, kíkà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, báà 24. Bó ṣe rí yìí, báà kan gba sẹ́kọ́ńdù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á sì gba sẹ́kọ́ńdù 96. Kódà bí ẹ bá fà á nílẹ̀ níparí, kò ní pé ìṣẹ́jú méjì.

Béèsì báà 1 dé 6 ń sọ̀kalẹ̀ ní ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti dúdú àti funfun, láìfo ọ̀kankan: D, C♯, C, B, B♭, A. D tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ C àárín, ìtẹ̀ funfun keje tí ẹ bá ń kà lọ sísàlẹ̀, tí ẹ ka C àárín fúnra rẹ̀ sí ìkíní. Ohun tí ọwọ́ òsì máa mú lórí béèsì kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ni: báà 1, D–A–D–F, báà 2, C♯–G–A–E, báà 3, C–A–D–F, báà 4, B–G–D–F, báà 5, B♭–G–B♭–D, báà 6, A–G–C♯–E. Ẹ má tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ o. Ẹ tú wọn ká sí mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ kíkà: ẹ gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sókè, ẹ padà sí ìkẹta, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì. Nínú báà 1, ìyẹn á jẹ́ D–A–D–F–D–F–D–A. Ìka kékeré á mú D ìsàlẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá á mú A, àtàǹpàkò á mú D òkè, ìka ìfábẹ̀lá á wá gba orí àtàǹpàkò kọjá lọ mú F. Kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti na ọwọ́ tipátipá, ẹsẹ̀ yín lórí pẹ́dà ló máa di D ìsàlẹ̀ mú.

Ó wá kan ohùn òkè. Ẹ fi sórí A tó wà lókè C àárín, kí ẹ sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Báà 1, A. Báà 2, A náà ni. Báà 3, A náà ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ẹ ó gbọ́ pé A kò yẹsẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń yí padà, bí ẹni tó dúró sójú kan tí wọ́n ń wa ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní báà 1 ó fara balẹ̀ sínú D máínọ̀. Ní báà 2 òun gan-an di ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù tó ń wá ibi tó máa lọ. Ní báà 3 ara tún tù ú díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó bá di báà 4, A kò bá kọ́ọ̀dù mu mọ́ rárá. Ó ń gún un. Ẹ jẹ́ kó gún un fún kíkà méjì gbáko kó tó já sí G. Ibi gígún yẹn ni adùn gbogbo ìlà yìí wà, ẹni tó bá sáré já sí G ti sọ ọ́ nù. G á wọ báà 5, á kan F lórí kíkà kẹrin. F náà á tún gún báà 6 fún kíkà méjì kó tó já sí E. Ní báà 7 àti 8, béèsì á dúró lórí A, ohùn òkè á rọra ti G wá sí F, wá sí E, á sì sinmi.

Ìjàǹbá kan wà níbí tó máa ń mú àwọn atẹdùrù ìjọ. Lórí ọ́gàn, bí ẹ bá fi ìka lé A fún báà mẹ́ta, báà mẹ́ta ló máa fi dún. Píánò kò rí bẹ́ẹ̀. Òòlù kan ló gbá okùn, láti ìgbà tó ti gbá a lohùn ti ń kú lọ, báà mẹ́ta sì jẹ́ sẹ́kọ́ńdù 12. Bí ẹ bá kọ ọ́ bíi nóòtì kan tí a so pọ̀, kó tó dé báà 4 kò ní sí ohun tó kù tí yóò gún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún A tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kọ̀ọ̀kan: kíkà mẹ́ta lórí A, kíkà kẹrin ẹ fọwọ́ kan B♭, kí ẹ padà sí A. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nínú prẹ́lúùdù E máínọ̀ Chopin, B àti C ni ọwọ́ ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, nígbà tí kọ́ọ̀dù ọwọ́ òsì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Báà 9 àti 10, ẹ tún báà 1 àti 2 tẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Etí ti mọ̀ pé C ló kàn. Ẹ má fún un ní C. Ní báà 11 ẹ bọ́ sí F♯ nísàlẹ̀, kí béèsì wá máa gòkè: F♯, G, G♯, A, B♭. Àwọn kọ́ọ̀dù rẹ̀ ni F♯–D–A–C, G–D–G–B♭, G♯–E–B–D, A–G–C♯–E, B♭–F–B♭–D. Ohùn òkè náà á gòkè: A sí C nínú báà 11, B♭ sí D nínú báà 12, E nínú báà 13, E lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú agbára nínú báà 14, F nínú báà 15. F yẹn ni ṣóńṣó orí òkè. Òun ni nóòtì tó ga jù nínú orin náà, kò sì gbọdọ̀ sí òmíràn tó bá a dọ́gba kó tó dé ibẹ̀. Ní báà 16 F á tún dún, B♭ á wà nísàlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi G♯ kún kọ́ọ̀dù (B♭–F–G♯–D). Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sókè gan-an. Báà 15 àti 16 nínú 24 ti tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà. Prẹ́lúùdù E máínọ̀ Chopin tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, báà 25 ni, báà 16 àti 17 ló sì ti gbóná jù. Ṣóńṣó tó bá tètè dé, bíi ní báà 8, á sọ gbogbo ìyókù di àlàyé.

Ẹ wá sọ̀kalẹ̀. Báà 17, A–F–A–D, ohùn òkè F já sí D. Báà 18, A–G–C♯–E, ohùn òkè C♯. Báà 19 dé 21, béèsì á dúró lórí D láìmira, kọ́ọ̀dù á lọ láti D máínọ̀ sí G máínọ̀, á padà sí D máínọ̀, ohùn òkè á padà sórí A tí a ti bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn báà 21, ẹ gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kúrò. Ìdákẹ́ pátápátá, kíkà méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí a kò tú ká, ọ̀kan fún báà kan: G–B♭–E♭, A–G–C♯–E, àti D máínọ̀. E♭ ni etí kò retí, torí kò sí nínú kíì wa. Òun ló ń fún ìparí ní òkùnkùn díẹ̀. Irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ náà wà nítòsí ìparí prẹ́lúùdù C máínọ̀ Chopin, níbi tó ti jẹ́ D♭.

A bẹ̀ yín, ẹ má fi Àmín kún un. A mọ̀ pé ọwọ́ yín á fẹ́ lọ sí G kó tó padà sí D, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo orin ìwé. Ẹ jókòó lé ọwọ́ náà.

Ṣé mo lè fi sol-fa kọ prẹ́lúùdù? Nínú ìjọ wa, bóyá èèyàn méjì ló lè ka ìlà márùn-ún. (Akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, Ìdó-Èkìtì)

Ohùn òkè àti béèsì, ẹ lè fi sol-fa kọ wọ́n dáadáa. Ó tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀nà hàn. Béèsì tí a kọ fún ará Adó lókè yìí, pẹ̀lú l gẹ́gẹ́ bí ilé nínú máínọ̀, ni: l, se, s, fe, f, m. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín lè kọ ìyẹn lẹ́nu, a sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ ọ́ lẹ́nu kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí etí mọ ìgbésẹ̀ se sí s sí fe kí ìka tó mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ òsì ni sol-fa kò ti ní lè gbè yín. Nóòtì mẹ́jọ nínú báà kan tó ń fò láti ọ́kítéèfù kan sí òmíràn máa ń fẹ́ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ lára gbogbo lẹ́tà, kò sì sí ibi tí ẹ máa fi àmì pẹ́dà sí. Ẹ fi sol-fa ronú, kí ẹ fi ìlà márùn-ún pa á mọ́. MuseScore wà fún kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, á sì tẹ ohun tí ẹ bá kọ síta fún yín láti gbọ́. Àmọ́ ẹ má fi ìdún rẹ̀ dá prẹ́lúùdù lẹ́jọ́. Ó ń kà bí agogo ògiri, kò mọ ibi tí èèyàn ti ń mí.

Nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì mi ń bo ohùn orin mọ́lẹ̀, bí mo bá sì tẹ pẹ́dà gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra bí ọbẹ̀ tó ti dàrú. Bí mo bá yọ ẹsẹ̀, ó gbẹ. (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ẹ jẹ́ ká ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ẹ ń tẹ pẹ́dà pẹ̀lú béèsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ń balẹ̀ pọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìparí kọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí pẹ́dà mú tuntun, ó sì mú méjèèjì. Bí ọwọ́ bá ń lọ sílẹ̀ lórí béèsì tuntun, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè. Lẹ́yìn tí béèsì bá ti dún tán, tí ìka ṣì wà lórí rẹ̀, ni kí ẹsẹ̀ tó padà sílẹ̀. Ẹ fi béèsì mẹ́fà yẹn nìkan ṣe é, láìsí ohùn òkè, D, C♯, C, B, B♭, A, kíkà mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kíkà kìíní ọwọ́ balẹ̀ ẹsẹ̀ gbéra, kíkà kejì ẹsẹ̀ balẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ D nígbà tí ẹ ti wà lórí C♯, ẹsẹ̀ yín ti pẹ́ jù. Bí ẹ bá gbọ́ àlàfo láàárín wọn, ìka ti kúrò kí ẹsẹ̀ tó dé. Nígbà tó bá ti mọ́ ẹsẹ̀ lára, ẹ fà á sún mọ́ra dé ààbọ̀ kíkà.

Ẹ̀ẹ̀kan nínú báà ni pẹ́dà ń yí, torí kọ́ọ̀dù kan ló wà nínú báà. Àyàfi báà 4 àti 6, níbi tí nóòtì tó ń gún ti ń já. Ẹ tún pẹ́dà yí níbẹ̀ lórí kíkà kẹta, kí gígún àti ìtura má dún pọ̀, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ òsì tún béèsì tẹ̀ níbẹ̀ jẹ́jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ á ṣófo.

Ní ti ọwọ́ òsì, ìwúwo ni. Nóòtì mẹ́jọ ní òsì, ọ̀kan tàbí méjì ní ọ̀tún, ìṣirò fúnra rẹ̀ ti ń gbè sẹ́yìn òsì. Ẹ fi òsì kàn àwọn ìtẹ̀ lásán láìjẹ́ kí wọ́n dún, kí ẹ sì máa tẹ ọ̀tún ní ohùn gidi. Ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbà fún òsì pé kó máa dún, àmọ́ kó jẹ́ pé béèsì nìkan ló ní ìwúwo, méje yòókù kàn ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tún yẹ ìwé yín wò: bí nóòtì òkè ọwọ́ òsì bá ga tó ohùn orin, kò sí ọgbọ́n ìka tó máa yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni nísàlẹ̀, láti C tó wà ní ọ́kítéèfù kan lábẹ́ C àárín lọ sísàlẹ̀, nóòtì kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Méjì tó sún mọ́ra níbẹ̀ máa ń kùn bí ẹ̀rọ ata ni.

Kíbọ́ọ̀dù onítẹ̀ 61 la ní. Bí mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí líle, bákan náà ló ń dún. Pẹ́dà tí a rà sì ń ṣe òdìkejì: bí mo tẹ̀ ẹ́ ó dákẹ́, bí mo gbé ẹsẹ̀ ó ń hu. Ṣé ká dá a padà fún ẹni tó tà á ni? (Ọ̀dọ́ ìjọ, Ọ̀tùn-Èkìtì)

Ẹ má tíì dá a padà. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù máa ń wo ipò tí pẹ́dà wà ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá tan iná, ibi tó bá bá a ló máa kà sí "ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀". Bí ẹ bá ki pẹ́dà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó ti tàn, tàbí tí ẹsẹ̀ yín wà lórí rẹ̀ bí iná ṣe dé, ó ti gbà á sódì nìyẹn. Ẹ pa kíbọ́ọ̀dù, ẹ ki pẹ́dà bọ̀ ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ tó tàn án. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìsìn, èyí á máa ṣẹlẹ̀ sí yín léraléra àyàfi tí kíbọ́ọ̀dù bá wà lórí íńfátà. Àwọn pẹ́dà kan ní bọ́tìnì kékeré kan lábẹ́ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń yí òdì padà; ẹ dojú rẹ̀ dé kí ẹ wò ó.

Ní ti jẹ́jẹ́ àti líle, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ "Touch" nínú àwọn ètò rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á. Bí kò bá ní i rárá, ẹ jẹ́ kí ìwé ṣe iṣẹ́ tí ìka kò lè ṣe: nóòtì mẹ́rin dípò mẹ́jọ ní ọwọ́ òsì láti báà 1 dé 10, mẹ́jọ láti báà 11, ọ́kítéèfù méjì pọ̀ fún ohùn òkè ní báà 15 àti 16 nìkan, lẹ́yìn náà ẹ padà sí mẹ́rin. Iye nóòtì á wá di líle àti jẹ́jẹ́ yín.

Ẹ pa "transpose" (ohun tó ń yí kíì padà) rẹ́, kí ẹ sì pa ìlù aládàáṣe àti ohùn "strings" tí wọ́n máa ń fi bò ó. Orin tí a kọ lókè yìí wọ ìtẹ̀ 61 láìyọ, torí F♯ ló lọ sísàlẹ̀ jù nínú rẹ̀. Ti Chopin ní C máínọ̀ kò ní wọ̀ ọ́. Béèsì rẹ̀ ń rì kọjá C tó gbẹ̀yìn lórí irú kíbọ́ọ̀dù yẹn, ẹ ó sì ní láti gbé àwọn nóòtì tó rì náà gòkè ní ọ́kítéèfù kan.

Ṣé ó bójú mu kí n fi orin ìbílẹ̀ wa kan, orin eré òṣùpá, ṣe ohùn òkè? (Olùkọ́ orin, Ìjerò-Èkìtì)

Ó bójú mu, ó sì rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Púpọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn kò ju ohùn márùn-ún lọ, d r m s l. Bí ẹ bá fi F ṣe d, ohùn márùn-ún náà á jẹ́ F, G, A, C, D, gbogbo wọn sì wà nínú D máínọ̀ tí a ń lò. Béèsì tó ń yọ̀ sísàlẹ̀ yẹn ló máa mú àwọn àwọ̀ tí orin náà kò ní wá. Ẹ ṣọ́ àwọn ibi tí C♯ tàbí F♯ wà nínú kọ́ọ̀dù, pàápàá báà 2, níbi tí C♯ wà nísàlẹ̀. Bí C bá bọ́ síbẹ̀ lókè, á dún bí àṣìṣe, kò ní dún bí ọgbọ́n. Ẹ sún orin náà síwájú tàbí sẹ́yìn ní báà kan kí C lè bọ́ sí orí báà 3.

Ẹ má lo orin náà tán. Lílé ní ọwọ́ ọ̀tún, ègbè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọwọ́ òsì, ó ti tó fún báà 24. Ẹ sì rántí pé etí Yorùbá máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ohùn tí kò ní ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yí ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ padà nítorí kọ́ọ̀dù, tí "ìlú" di "ìlù", ará ilé yín á rẹ́rìn-ín kí ẹ tó dé ṣóńṣó. Ẹni tó bá fẹ́ kí píánò fúnra rẹ̀ hùwà bí ìlù, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Akin Euba, onímọ̀ orin ọmọ Nàìjíríà, ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, ó pè é ní African pianism, kò sì nílò pẹ́dà tó pọ̀ tó báyìí.

Píánò onígi àtijọ́ kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà òjò ìtẹ̀ rẹ̀ ń há, nígbà ọyẹ́ ohùn rẹ̀ ń já wálẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi òróró sí i. (Alábòójútó, Ẹ̀fọ̀n Aláayè)

Ẹ má fi òróró kankan sí i rárá. Òróró á mu eruku, àwọn aṣọ fẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á sì tún wú sí i, ìtẹ̀ tó ń há lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á wá há pátápátá.

Ọ̀rinrin ló wà nídìí méjèèjì. Nígbà òjò igi àti fẹ́ẹ̀tì ń mumi, wọ́n ń wú, ìtẹ̀ kò ní àyè láti padà gòkè. Pátákó tó ń gbé ohùn náà ń wú, ó ń na okùn, ohùn sì ń ga. Ọyẹ́ dé, ohun gbogbo gbẹ, pátákó rọ̀, ohùn já. Orí òkè Ẹ̀fọ̀n tí ìkùukùu ti ń wọlé gba ojú fèrèsé kò sì ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tí oòrùn àti òjò ń bá láti ìta, kí ẹ má sì gbé e sábẹ́ fèrèsé tàbí ọ̀kánkán fáànù. Aṣọ nínípọn á bò ó lẹ́yìn ìsìn. Nígbà ọyẹ́, àwo omi kan nísàlẹ̀ inú rẹ̀ ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, bí ẹ bá ní ẹni tó máa rántí pé ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sún píánò. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ wo eku àti ikán; fẹ́ẹ̀tì òòlù ni eku fi ń tẹ́ ìtẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí wọ́n máa tún ohùn rẹ̀ ṣe: nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ fún bí oṣù kan, àti nígbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí wọ́n má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ ń yí, owó á ṣòfò. Kò sí káfíńtà tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn ìṣó tó di okùn mú. Okùn inú píánò lé ní 200, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fà lé ní tọ́ọ̀nù 15. Bí ó bá sì ti ju ọdún márùn-ún lọ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án, ẹ bá oníṣẹ́ sọ ọ́ kó tó dé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni kó wá, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láàárín wọn. Okùn tó ti rọ̀ tipẹ́, bí wọ́n bá fà á dé ibi tó yẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á ti máa yọ̀ padà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.